Ìgbẹ́ Ọ̀rìn àti Kòkòrò tí Ó Ń Fà Á



Kò sí ẹni tí ó wà ní ìjókòó yìí tí kò mọ ìgbẹ́ ọ̀rìn: inú rírun, ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra, àti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ohun yíyọ̀ bí ilá. Ohun tí ń fà á ju ẹyọ kan lọ. Ti àmíbà ni a fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀dá kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Ní 1875, oníṣègùn Fedor Lösch fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí i nínú ìgbẹ́ aláìsàn kan ní St. Petersburg, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 1903, Fritz Schaudinn, ará Jámánì, sọ ọ́ ní Entamoeba histolytica. Orúkọ kejì yìí túmọ̀ sí èyí tí ń mú ẹran ara yọ́.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ara wa, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé; ohun yíyọ̀ kan sì bo sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá, kí nǹkan búburú má baà kàn wọ́n. Nǹkan kan wà lára àmíbà tí ó dàbí ọwọ́. Ọwọ́ yìí a máa wá irú ṣúgà kan, galactose, tí ó wà lára ohun yíyọ̀ náà àti lára sẹ́ẹ̀lì, a sì dì í mú ṣinṣin. Ní 1981, Jonathan Ravdin àti Richard Guerrant, ní Amẹ́ríkà, da irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ sí ibi tí àmíbà àti sẹ́ẹ̀lì wà pọ̀: ọwọ́ àmíbà kún, kò sì lè di sẹ́ẹ̀lì mú bí ti àtẹ̀yìnwá. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí máa lá ṣúgà o, èyí tí a bá jẹ kì í dé ibẹ̀.)

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti rò pé àmíbà a máa kọ́kọ́ pa sẹ́ẹ̀lì kí ó tó gbé e mì. Ní 2014, Katherine Ralston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó ń bù ú jẹ láàyè ni, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé ti ń gé àkàrà jẹ, títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi kú. Bí ó bá ti kú, àmíbà a fi òkú rẹ̀ sílẹ̀. Báyìí ni egbò ṣe ń dá sí ìfun, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Nígbà mìíràn a bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ọyún a sì gbá jọ síbẹ̀, èyí tí ó lè pa ènìyàn.

Àwọn kan a máa di ẹ̀bi ru ata. Ata kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àmíbà tí ń bá ìgbẹ́ jáde a máa fi èèpo líle bo ara, a sì wà láàyè nínú omi àti lórí ẹ̀fọ́. Láti Ìlódè dé Mọ̀dákẹ́kẹ́, kànga wà nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé. Níbi tí ṣáláńgá bá súnmọ́ kànga, tí òjò sì rọ̀, ẹ mọ ìyókù. Omi tí ó mọ́ lójú lè gbé e. Omi tí a sè tí ó hó ni yóò pa á.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gbé e kò mọ̀ ọ́n lára. Ìyá tí ara rẹ̀ le lè fi ọwọ́ tí kò fi ọṣẹ wẹ̀ gbé e fún ọmọ rẹ̀. Oògùn metronidazole tí dókítà ń fúnni a máa pa àwọn tí ó ti wọ ẹran ara. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù nínú ihò ìfun ń fẹ́ oògùn kejì, irú paromomycin. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dá nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí kò sì lo oògùn kejì yìí, lè máa pín àmíbà fún gbogbo agbo ilé síbẹ̀.