Ọmú Òru: Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Fi Í Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Ọ̀fà)

Àwọn ẹlòmíràn lè pe ọ̀rọ̀ ọmú òru ní ọ̀rọ̀ obìnrin.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni, a kì bá tí gbé e wá sí àárín àgbà. Ṣùgbọ́n nínú agboolé wa, ìyá ọmọ nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ìgbà tí ọmọ yóò fi ọmú òru sílẹ̀. Ìyá ọkọ a ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ọkọ a ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn. Aládùúgbò a ní ebi ni ó ń pa ọmọ tí ó ń sunkún lóru, omi ọmú ìyá rẹ̀ kò tó, kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ. Láti ẹnu gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ìpinnu ti ń wá. Bí ó bá sì ṣì, ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣe. Láyé wọn, ọmọ a máa mu ọmú fún ọdún méjì, àní títí dé mẹ́ta. Ìyá àti ọmọ a máa sùn lórí ẹní kan náà. Ọkọ a sì máa yàgò fún aya rẹ̀ títí a ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. John Caldwell àti Pat aya rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àṣà yìí láàárín àwa Yorùbá lẹ́yìn ọdún 1970, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ń ka iye ìgbà tí ọmọ jí. Ọmọ jí, ó rí ọmú, ó mu, ó tún sùn.

Ìgbà ti yí padà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Ọ̀fà ní 1908 ni ìlú wa ti túbọ̀ di ìlú òwò. Obìnrin tí ń tajà ní Ọ̀wọ̀dé, èyí tí ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́, àti èyí tí ń kàwé ní Federal Polytechnic, gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ jí ní kùtùkùtù. Ìyá tí kò fojú ba oorun fún oṣù mẹ́jọ ń fẹ́ ìsinmi, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bí ìyá yóò ṣe sinmi láìpa ọmọ lára.

Ìdí mẹ́ta ni a fi ń sọ pé kí a má fi ọwọ́ kan ọmú òru ọmọ titun. Èkíní, ikùn rẹ̀ kéré, omi ọmú sì tètè dà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi ń fẹ́ mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Èkejì, ohun inú ara ìyá tí ń mú omi ọmú wá, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní prolactin, a máa pọ̀ lóru ju ọ̀sán lọ. Bí ọmọ bá sì ti ń fa ọmú tó ni omi rẹ̀ ń sun tó. Ẹni tí ó bá gba ọmú òru lẹ́nu ọmọ oṣù méjì, ó dí ìsun omi ni; kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí odò bá gbẹ.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin ọkọ gan-an. Ní 1988, àwọn onímọ̀ tí ó péjọ sí Bellagio ní ilẹ̀ Ítálì fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan: ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù 6, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì padà, tí ó sì ń fi ọmú bọ́ ọmọ tọ̀sán-tòru láìfi oúnjẹ mìíràn rọ́pò rẹ̀, kò tó 2 nínú 100 irú wọn tí yóò lóyún. Bí a bá gé ọmú òru kúrò, ààbò yìí dín kù. Ọkọ tí kò yàgò bí ti àtijọ́, tí ó sì tún ní kí a gba ọmú òru lẹ́nu ọmọ, lè rí oyún mìíràn kí ti ọwọ́ tó rìn.

Ohun tí èyí lè fà kò ṣàjèjì ní ìhà tiwa. Láti inú èdè Gá ní ilẹ̀ Gánà ni orúkọ àrùn kwashiorkor ti wá, àrùn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ dé. Dókítà Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní Accra, kọ̀wé nípa àrùn náà ní 1933, ó sì fi orúkọ Gá yìí pè é ní 1935. Ẹ̀kọ àgbàdo ni a fi ń bọ́ àwọn ọmọ tí ó rí.

A kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ rírọ ọmọ bò. Pé àṣà wa kan dára kò sọ gbogbo àṣà wa di dáradára. Omi àti àgbo tí a ń rọ ọmọ kí ó lè sùn a máa kún ikùn rẹ̀ láìfún un ní agbára, ó sì lè mú ìgbẹ́ gbuuru wá. Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé 29 péré nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù 6 ni ó ń mu ọmú nìkan. Iye yìí kò bu ọlá fún wa.

Ìgbà wo wá ni ó tọ́? Ṣáájú oṣù 6, kí a má ṣe dán an wò rárá. Lẹ́yìn oṣù 6, nígbà tí ọmọ ti ń jẹun, àwọn ọmọ mìíràn lè sùn mọ́jú láìmu ọmú; àwọn mìíràn kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi pé ọdún kan, kò sì sí àrùn lára wọn. Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ni a ó wò, ọmọ ni. Ǹjẹ́ ó ń jẹun dáadáa lọ́sàn-án? Ǹjẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ ń gòkè lórí káàdì, irú èyí tí Dókítà David Morley lò fún àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, láàárín 1956 àti 1961? Ǹjẹ́ ó ń fa ọmú lóru bí ẹni tí ebi ń pa, tàbí ó kàn fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti sùn? Bí ìdáhùn bá dára, a lè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gòkè, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí a sì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì, ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ kò gbọdọ̀ jà á lórí ẹní. Kí a fún ọmọ ní oúnjẹ tí ó ní ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin nínú, kì í ṣe ẹ̀kọ lásán. Kí ó mu ọmú yó kí ó tó sùn. Kí a dín ọmú òru kù ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá kí a tó dín òmíràn. Bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí tí ó ń yàgbẹ́, kí a dá ọmú òru padà fún un. Kí a má sì gba ti ọ̀sán, nítorí títí dé ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọmú ṣì ń ṣe é ní oore.

Ipa tiwa ọkùnrin ń kọ́? Kí ọkọ jí, kí ó gbé ọmọ, kí ó gbọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Ọmọ tí ó gbọ́ òórùn ọmú lára ìyá rẹ̀ kò ní gbàgbé ọmú bọ̀rọ̀. Kí ìyá àgbà gba iṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó, kí ó lè sùn díẹ̀. Láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fún òṣìṣẹ́ obìnrin rẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 16. Ta ni yóò fún ìyá alátẹ ní ìsinmi? Ẹ̀yin olóyè ni ẹ ní àṣẹ lórí ọjà àti agboolé. Ibòji kan nínú ọjà, níbi tí abiyamọ ti lè jókòó fún ọmọ lọ́mú lọ́sàn-án, yóò dín ebi òru kù.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ọmọ ọwọ́ kò ní kí ìyá rẹ̀ má sùn. Ebi ni ó ń pa á. Àwa tí a ti dàgbà ni ó yẹ kí òwe náà bá wí, bí a bá fi òru lé ìyá nìkan lọ́wọ́.