Ìsanrajù: Ipa Tí Ó Yẹ Kí Ìjọba Àti Òfin Kó



Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá sanra, a ó ní ayé yẹ ẹ́. Lónìí a ti mọ̀ pé ìsanrajù a máa fa ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀fun oníkálùkù ni ọ̀rọ̀ náà mọ sí, pé kò kan ìjọba. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 6 kọ́ ni ó po ṣúgà sínú mínírà tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé rẹ̀. Àwọn kan wà tí ìdajì lítà wọn ní ju ṣíbí kékeré 12 ṣúgà lọ.

Ní ọdún 2014, ìjọba Mẹ́síkò bu owó-orí pẹ́sò 1 lé lítà kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn sì dín rírà rẹ̀ kù. Ní 2016, ìjọba Ṣílè pàṣẹ pé kí àmì dúdú hàn lára oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀ bá pọ̀ jù, kí a má sì tà á nílé-ìwé. Ní Ìlú Ọba, òfin 2018 wo ìwọ̀n ṣúgà: èyí tí kò tó gíráàmù 5 nínú mílílítà 100 kò san nǹkan kan. Kíá ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ dín ṣúgà tiwọn kù.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ wa ṣe ní 2021, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, bu náírà 10 lé lítà kan. Ìdajì lítà wá di náírà 5. Ta ni náírà 5 yóò dùn? Bí ṣúgà pọ̀, bí ó kéré, owó kan náà ni.

A mọ̀ pé mínírà ni púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ń tà jẹun. Òfin tí a ń fẹ́ kò ní ba ọjà wọn jẹ́, nítorí èyí tí ṣúgà rẹ̀ kéré náà, títà ni. Ẹni tí ń po ṣúgà ni kí òfin mú. Kí owó tí a bá rí níbẹ̀ sì lọ sí ilé ìwòsàn tí tálákà ń lò.

Ìlú yìí ni a ti ń sanwó-orí, ìlú yìí ni a ti ń dìbò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún àwọn aṣòfin wa. Kí àwa náà sì máa fi omi ṣáájú lórí tábìlì ìpàdé wa, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

 Ìlera loògùn ọrọ̀.