Ta Ló Ni Àárọ̀ Sátidé?

(Orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ìró omi, ìró kẹ̀kẹ́, ìró ẹsẹ̀ lórí ọ̀dà.)

OLÓÒTÚ: Ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya tó ń retí ọmọ ló délẹ̀ lónìí, àwọn tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣe eré triathlon. Ìje mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ nínú eré yìí: ẹ ó lúwẹ̀ẹ́, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́, ẹ ó wá fi eré sísá kádìí rẹ̀. Ti Òlíḿpíìkì jẹ́ kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, 10 lórí ẹsẹ̀. Ironman kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀: kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, àti odindi máratọ́ọ̀nù, kìlómítà 42.2, lọ́jọ́ kan náà.

Tọkọtaya ló sì dá Ironman yìí sílẹ̀. John Collins, tó ń ṣiṣẹ́ ológun ojú omi ní Amẹ́ríkà, àti Judy aya rẹ̀ ti kópa nínú triathlon tí wọ́n ṣe ní San Diego lọ́dún 1974. Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù Oahu ní Hawaii, wọ́n kó ìje ńlá mẹ́ta ibẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1978, ọkùnrin 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí rẹ̀. Gordon Haller tó gbégbá orókè lo wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46. Inú ilé leré yìí ti ṣẹ̀, inú ilé náà ló sì ti ń náni ní nǹkan jù.

(Ìró pọ́ǹpù táyà. Ìlẹ̀kùn ṣí, ó padé.)

OLÓÒTÚ: Ẹ jẹ́ ká wo Sátidé kan. Ẹni tó ń múra Ironman sábà máa ń lo wákàtí 10 sí 15 lọ́sẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń gùn jù. Ká ní ọkọ ló ń ṣeré, oyún ìyàwó sì ti wọ oṣù méje. Aago márùn-ún ìdájí, ọkọ ti rọ omi sínú ike méjì, ó ti pọ́ǹpù táyà, ó ti dojú kọ ọ̀nà. Aago mọ́kànlá ló wọlé. Ẹ má pè é ní wákàtí mẹ́fà o! Ó ku kẹ̀kẹ́ tí yóò nù, ṣéènì tí yóò fi epo ra, oúnjẹ tí yóò jẹ bí ẹni tó ti ibi ìyàn dé, àti oorun tí yóò gbé e lọ lórí àga títí ọ̀sán fi rọ̀. Ẹsẹ̀ ìyàwó ti wú. Aṣọ ìkókó wà nínú garawa, bẹ́ẹ̀dì ọmọ ṣì wà nínú páálí tí wọ́n fi gbé e wá. Wọn ò jà, ṣùgbọ́n gbèsè ti ń gorí gbèsè.

(Orin díẹ̀.)

OLÓÒTÚ: Nínú ilé mìíràn, ìyàwó ló ń ṣeré. Patrick Lemieux, ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣiṣẹ́ ṣe rí. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti dúró ti ìyàwó rẹ̀, Gwen Jorgensen, tó ń ṣe triathlon. Òun ló ń dáná, òun ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ní Òlíḿpíìkì Rio, Jorgensen àti Nicola Spirig ará Switzerland ló kù níwájú nínú eré sísá. Spirig ti gba góòlù ní London lọ́dún 2012, ó sì ti bímọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì dẹ eré, wọ́n ń bára wọn fà á lẹ́nu eré: ta ni yóò ṣíwájú kí atẹ́gùn máa fẹ́ lù? Jorgensen ló já a sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, góòlù di tirẹ̀. Ìyá ọmọ gba fàdákà. Kí ọdún tó yí po, Jorgensen náà ti bí ọmọkùnrin. Ìdáná ti wà lọ́wọ́ ọkọ kí oyún tó dé. Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà: iṣẹ́ ilé tí wọn ò bá tíì pín kí ọmọ tó dé, ẹni tí àárẹ̀ mú jù ni yóò bá lọ́rùn.

Aláboyún ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á nímọ̀ràn lọ́dún 2020 pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bí dókítà kò bá rí ohun tó lè pa á lára. Omi máa ń gbé ikùn dúró, ara á fúyẹ́. Kẹ̀kẹ́ ìgboro léwu ń bẹ nínú rẹ̀, nítorí ìṣubú.

Ọkọ náà ní ohun tí yóò gé kúrò. Ọmọ lè dé nígbàkígbà láàárín ọ̀sẹ̀ 37 sí 42, nítorí náà kí ó má forúkọ sílẹ̀ fún ìje ọ̀nà jíjìn lásìkò náà. Triathlon kékeré wà: mítà 750, kìlómítà 20, kìlómítà 5. Irin kan sì wà tí wọ́n ń gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kọ́ nínú ilé. Táyà á máa yí, kẹ̀kẹ́ ò ní kúrò lójú kan, bí ìyàwó bá pè, á gbọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ ló máa ń wá wẹ ọmọ. Ẹni tó wà lókè òkun tí màmá ò lè tètè dé bá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn méjì péré ló kù nílé. Kí wọ́n jókòó báyìí, kí wọ́n pín ọ̀sẹ̀: òwúrọ̀ wo ni ti eléré, òwúrọ̀ wo ni ti ẹnì kejì láti sùn.

Eré ò ní sá lọ. Chelsea Sodaro, ọmọ Amẹ́ríkà, bímọ lọ́dún 2021. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé ọkàn òun ò balẹ̀ rárá lẹ́yìn ìbímọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ó gba ife-ẹ̀yẹ Ironman àgbáyé ní Kona, ní Hawaii.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìrètí, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

(Orin ìparí.)