Ògo àti Ìṣubú Howie Morenz, Eléré Orí Yìnyín

Ọ̀rọ̀ nípa eléré ìdárayá kan ni mo mú wá, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Howie Morenz. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé àlùfáà dìde láti sọ̀rọ̀ eré. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọdún 1937 ni ọkùnrin yìí kú, síbẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tí ì fi ohùn kan sí ohun tí ó pa á, àríyànjiyàn náà sì kan gbogbo ẹni tí ó ti yin ènìyàn rí, tàbí tí ènìyàn ti yìn rí.

Ní Kánádà, bí ìgbà òtútù bá dé, omi odò a máa dì, a sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹṣin àti ẹrù tí ó ń fà lè gba orí rẹ̀ kọjá. Lórí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe eré tí à ń pè ní họ́kì. Ènìyàn mẹ́fà ní ń bẹ ní ìhà kìíní, mẹ́fà ní ìhà kejì. Olúkúlùkù a wọ bàtà tí a kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ mọ́ nísàlẹ̀, a sì mú ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ dání, wọn a máa fi lé rọ́bà líle pẹlẹbẹ kan kí wọn lè gbá a wọ inú àwọ̀n àwọn ẹni kejì. Àwọn tí ń gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀ a máa ṣe é nínú ilé ńlá, pẹ̀lú ọgbà pákó tí ó yí yìnyín náà ká. Ẹ fi ọgbà pákó yìí sọ́kàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe a máa yára ju ẹni tí ń sáré lórí ilẹ̀ lọ púpọ̀, kò sì sí ohun tí ó lè dá a dúró lójijì bí kò ṣe pákó náà, tàbí ara ènìyàn bí tirẹ̀.

A bí Morenz ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1902 ní Mitchell, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Ontario. Odò tí ó ti kọ́ eré náà ń jẹ́ Thames, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ odò Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé rẹ̀ ṣí lọ sí Stratford, níbi tí ó gbé ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àwọn onírélùwéè. Ní ọdún 1923, Léo Dandurand, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ Canadiens ti ìlú Montreal, mú kí ó fi ọwọ́ sí ìwé láti wá ṣeré fún wọn. Kò pẹ́ tí ó fi ọwọ́ sí i tán tí ẹ̀rù fi bà á. Ó fẹ́ dá owó náà padà, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun dúró ní ilé. Dandurand kọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún náà kò ní ìgboyà kankan níwájú ìlú ńlá. Orí yìnyín nìkan ni ó gbé ní in.

Ẹgbẹ́ àwọn tí ń sọ èdè Faransé ni ẹgbẹ́ Canadiens, Morenz sì jẹ́ ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀ Jámánì wá. Wọn kò bi í ní ẹ̀yà rẹ̀. Bí ó bá ti gba rọ́bà náà, tí ó sì doríkọ iwájú, gbogbo ilé a dìde. Ó wà nínú àwọn tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Stanley fún Montreal ní ọdún 1924, 1930 àti 1931. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ní 1928, 1931 àti 1932, ni a fún un ní ife-ẹ̀yẹ Hart, tí a fi ń dá ẹni tí ó wúlò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ jù lọ mọ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1929 sí 1930, ó gbá góòlù 40 wọlé nínú eré 44. Wọn a máa sọ pé lẹ́yìn tí Tex Rickard ti New York wo eré rẹ̀ tán ni ó gbà láti tẹ́ yìnyín sínú ilé eré ńlá tí ó ń kọ́ nígbà náà. Aṣọ dáradára wù ú, eré ẹṣin wù ú ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ń ta ohun èlò orin olókùn. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàdánù, a máa dá rìn ní ìgboro lóru, kò ní lè sùn. Nígbà tí mo kà á, Asaheli àbúrò Joabu ni ó wá sí ọkàn mi, ẹni tí ìyára ẹsẹ̀ rẹ̀ di òkìkí ní Ísírẹ́lì, tí ìyára kan náà sì gbé e dé ibi ikú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kì í yára títí láé. Ní ìgbà òtútù 1933 sí 1934, ìpalára bá a, góòlù mẹ́jọ péré ni ó sì gbá wọlé. Àwọn tí ń dìde fún un tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hó lé e lórí nínú ilé kan náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1934, ẹgbẹ́ náà fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Chicago, pẹ̀lú àsè ìdágbére. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1936, Chicago náà jọ̀wọ́ rẹ̀ fún New York. Ọdún méjì ni ó fi ń rìn kiri báyìí. Nígbà náà ni Cecil Hart, tí ó ti ṣe olùkọ́ ẹgbẹ́ Canadiens ní àkókò ògo, padà sí ipò rẹ̀, ó sì béèrè Morenz. A dá a padà sí Montreal ní 1936, a tún fi í sí àárín Aurel Joliat àti Johnny Gagnon. Ara rẹ̀ yá gágá, àwọn ènìyàn sì tún ń dìde.

Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1937, Chicago wá bá wọn ṣeré. Morenz sáré tẹ̀lé rọ́bà náà lọ sí ẹ̀yìn àwọ̀n, ó ṣubú, irin bàtà rẹ̀ sì há sínú pákó ọgbà náà. Kí ó tó lè fà á yọ, Earl Seibert ti Chicago, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, tí òun náà ń sáré bọ̀, ti wó lé e. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yàrá rẹ̀ dàbí ilé àsè. Àwọn ọ̀rẹ́ kún ibẹ̀ lójoojúmọ́, òdòdó kún ibẹ̀, ọtí bíà àti ọtí líle sì kún ibẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀, èmi kò sì ṣiyèméjì. Síbẹ̀ mo bi yín: nínú gbogbo àwọn tí ó gbé ìgò wọlé, ta ni ó jókòó tì í láti bá a sọ̀rọ̀ nípa ìgbésí ayé tí kò ní sí eré nínú rẹ̀? Kí oṣù Kejì tó parí, ọkàn rẹ̀ ti dàrú, àwọn oníṣègùn sì ní láti dá àwọn àlejò dúró. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ó gbìyànjú láti dìde kúrò lórí ibùsùn, ó ṣubú, ó sì kú. Ẹni ọdún 34 ni.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ni a kà sí ohun tí ó pa á. Bí ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ bá wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè dì. Bí ìdì náà bá já, a máa bá iṣan lọ títí yóò fi dí ọ̀nà ní ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Lónìí, àwọn oníṣègùn a máa tètè gbé aláìsàn dìde, wọ́n sì ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán ọ̀kan nínú wọn wò lára ènìyàn ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà kan náà. Ṣùgbọ́n Joliat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò gba ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí. Ó dá a lójú pé ìbànújẹ́ ni ó pa Morenz, nígbà tí ó mọ̀ pé òun kò ní ṣeré mọ́. Èmi kò lè sọ pé irọ́ ni Joliat pa. Mo ti jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn púpọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ó ti sọ ìrètí nù kì í sinmi, kì í gbọ́ràn sí oníṣègùn lẹ́nu, a sì máa ṣe ara rẹ̀ bí ọ̀tá.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, a tẹ́ pósí rẹ̀ sí àárín ilé eré náà gan-an, níbi tí ó ti ń sáré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kọjá níwájú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí láti wo eré, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí a ti ń ṣe ìsìn. Àwọn bàbá wa ní, ọjọ́ tí a bá kú ni à ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Láìsí àní-àní, àwọn kan tí ó hó lé e lórí ní 1934 wà nínú àwọn tí ó sunkún yẹn, mo sì gbà pé omijé òtítọ́ ni. A sin ín sí ibojì Mount Royal.

Ó fi aya rẹ̀ Mary sílẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1937, a ṣe eré ìrántí láti kó owó jọ fún wọn. Ẹgbẹ́ náà pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ nọ́ńbà 7 rẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbé àsíá rẹ̀ kọ́ sí òkè ilé. Marlene ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà, ó sì fẹ́ Bernie Geoffrion, eléré kan nínú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, ẹni tí ó wọ nọ́ńbà 5. Nígbà tí a fẹ́ gbé àsíá Geoffrion náà kọ́, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2006 ni a dá, ọjọ́ kan náà tí a sin Morenz. Àrùn ti dá Geoffrion dùbúlẹ̀, ó sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Wọn kò dá ètò náà dúró. Ní alẹ́, lójú Marlene àti àwọn ọmọ rẹ̀, a sọ nọ́ńbà 7 kalẹ̀ láti òkè wá pàdé nọ́ńbà 5 ní agbedeméjì, a sì fa àwọn méjèèjì gòkè pọ̀.