Láti Orí Agogo Dé Orí Sáírẹ́ẹ̀nì: Ìró Tí Ń Ní Kí A Yà Lọ́nà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún àwọn ọmọ Adó-Àwáyè)



Ọ̀rọ̀ ìró ni mo mú wá lónìí. Mo fẹ́ kí a jọ wo bí ìró ọkọ̀ panápaná, ti ọlọ́pàá àti ti ọkọ̀ agbáláìsàn ti ṣe yí padà, kí a sì wo ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀, àwa tí Òkè Adó jẹ́ odi wa.

Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, a ní ìró tiwa fún ìgbà ewu. Bí iná bá mú pápá nínú ẹ̀rùn, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i a figbe ta, ọdẹ a fun fèrè rẹ̀, akéde a sì lu agogo kiri àdúgbò. Àwọn òyìnbó náà, agogo ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agogo ni ọkọ̀ panápaná ń lù kiri ìgboro títí di àárín ọdún 1960 sí 1969, nígbà tí fèrè olóhùn méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún 1901 ni a dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní Èkó lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá. Ní ọdún 1963 ni òfin sọ ọ́ di iléeṣẹ́ panápaná ti ìjọba àpapọ̀.

Sáírẹ́ẹ̀nì gan-an ti dàgbà ju mọ́tò lọ. Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì kan, John Robison, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ kí ọdún 1800 tó pé. Ní ọdún 1819, ará Faransé kan, Charles Cagniard de la Tour, tún un ṣe, ó sì fún un ní orúkọ, nítorí pé ó lè dún lábẹ́ omi. Inú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìkì ni ó ti mú orúkọ náà: àwọn ẹ̀dá olóhùn dídùn kan tí ń fi orin fa àwọn atukọ̀ sínú ikú. Ẹ wò ó bí ayé ti yí padà: orúkọ àwọn tí ń fa ènìyàn sínú ikú ni a fi ń pe ohun tí ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú lónìí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwo irin tí a dá ihò sí ń yí, afẹ́fẹ́ sì ń gba ojú ihò náà kọjá ní ìdákọ̀ọ̀kan. Bí ihò bá jẹ́ 10, tí àwo sì ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, afẹ́fẹ́ yóò gbọ̀n nígbà 500, etí wa yóò sì gbọ́ ọ bí ohùn kan. Bí àwo bá ṣe ń yára sí i ni ohùn ń ga sí i. Bí ó bá ń dẹwọ́, ohùn a máa wálẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí i bí onílù ṣe ń fún ọṣán gángan mọ́ra kí ohùn lè ròkè ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969 ni sáírẹ́ẹ̀nì tí kò ní àwo rárá ti ń gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Iná mànàmáná àti gbohùngbohùn ni ó ń lò, àpótí kan ṣoṣo sì lè dá oríṣiríṣi ohùn: ohùn gígùn tí ń ròkè tí ń wálẹ̀, ohùn kúkúrú tí ń sáré, àti ohùn òkè pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tí ń tẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n mọ́tò ayé òde òní ń ti dígí pa, rédíò ń ké nínú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2007, iléeṣẹ́ Federal Signal ní Amẹ́ríkà gbé ohùn ìsàlẹ̀ kan jáde tí ń mú ara ọkọ̀ gbọ̀n, kí awakọ̀ lè mọ̀ ọ́n lára bí kò tilẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà fún etí. Ní ọdún 1842, Christian Doppler ti ilẹ̀ Ọ́stríà ṣàlàyé pé ohùn ohun tí ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni a máa ga, a sì máa rẹlẹ̀ bí ó bá ti kọjá. Ní ọdún 1845 ni Buys Ballot kó àwọn afọnfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin ní Netherlands láti dán an wò, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn sáírẹ́ẹ̀nì já wálẹ̀ lójijì, ó ti kọjá yín. Bí kò bá tí ì já, ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn mí ni èyí. Ní Nàìjíríà, ìró yìí ti ń pàdánù iyì rẹ̀. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ àwọn ènìyàn ńlá ń fun ún, ọkọ̀ tí ń kówó bánkì ń fun ún, ẹni tí ó kàn lówó lọ́wọ́ náà rà á sórí ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ti sú, wọn kò sì yà mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ro aláboyún kan tí a gbé láti Adó lọ sí Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n sì ní kí a máa gbé e lọ sí UCH ní Ìbàdàn. Bí ó bá dé àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ké, tí àwọn ènìyàn sì rò pé olóyè kan ni ó ń lọ sí òde, ta ni yóò dá ẹ̀mí rẹ̀ padà? Kì í ṣe pé kò sí ènìyàn ńlá tí ó lè ṣe é láìfun ún: Babatunde Fashola ṣe gómìnà Èkó láti 2007 sí 2015, a sì mọ̀ ọ́n mọ́ pé kì í fi sáírẹ́ẹ̀nì lé aráàlú kúrò lọ́nà.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun mẹ́rin. Èkíní, kí ọmọ Adó kankan má ṣe fi sáírẹ́ẹ̀nì sórí ọkọ̀ ara rẹ̀, kí ó má sì fun ún wọ ìlú nígbà ọdún. Èkejì, bí a bá gbọ́ ọ lẹ́yìn wa, kí a bọ́ sí apá ọ̀tún, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé apá ọ̀tún ni a ń wakọ̀ ní ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ 2 oṣù April ọdún 1972. Kí àwọn ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bọ́ sí apá òsì. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ gbogbo ọmọ iléèwé ní 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, àti 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ̀kẹrin, níwọ̀n bí ọkọ̀ panápaná ti gbọ́dọ̀ rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí a yan ìró kan ṣoṣo fún iná, ìbáà ṣe agogo, ìbáà ṣe fèrè ọdẹ, kí a má sì ṣe lò ó fún àríyá tàbí fún ìpàdé láéláé.

Owó tí èyí yóò ná wa kò tó nǹkan. Ìfọkàntán ni olórí ohun tí a nílò, kí ẹni tí ó bá gbọ́ ìró náà lè mọ̀ pé kì í ṣe irọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

 Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ìbànújẹ́ gbọ́ ìró náà.