Ọmọ Tó Ń Yàgbẹ́ Gbuuru: Omi Ara Rẹ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Dá Padà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn alágbàtọ́ ọmọ òrukàn àti àwọn olùtọrẹ sọ)

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tọ́ ọmọ òrukàn, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ sàká, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló máa ń ní kí wọ́n má fún un lómi mọ́, torí omi tó mu náà ló ń jáde. Mo bẹ̀ yín, òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ náà lọ ló ń pa ọmọ. Ọmọ kékeré ò lómi àfiṣòfò lára. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ béèrè ORS àti síǹkì ní ilé oògùn. Ẹ ka ara àpò ORS náà dáadáa, torí òmíràn wà fún lítà omi kan, òmíràn fún ìdajì. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ mú omi àpò méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára, ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí sí i. Ṣíbí gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó má ga. Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí àpọ̀jù rẹ̀ léwu. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fún un ní ṣíbí 10 sí 20 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́po méjì. Bó bá bì, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti lo wákàtí 24, ẹ dà á nù. Síǹkì ní tirẹ̀, ọjọ́ 10 sí 14 ni, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ (ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tó oṣù 6), bí ìgbẹ́ tilẹ̀ dúró. Kí ọmú àti oúnjẹ má dáwọ́ dúró o. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ yé di ẹ̀bi ru eyín tó ń hù.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú níkùnlẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kò rí ọmú mu, fídà ni. Wàrà máa ń sá pamọ́ sí ọrùn fídà àti orí rẹ̀, kòkòrò àìsàn á sì máa pọ̀ níbẹ̀. Ife àti ṣíbí tó mọ́ ló dáa, wọ́n rọrùn láti fọ̀. Ìyá àgbà a tún máa la wàrà gan-an kí agolo kan lè tó oṣù kan. Kì í ṣe ìwà ìkà, agolo kejì ni kò sí. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá lè fún un lọ́mú, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kò ní HIV, ìyẹn ló sàn jù. Ṣebí Halimah ló fún Ànábì wa lọ́mú. Nítorí náà, ẹ̀yin olùtọrẹ, bí ẹ bá ń gbé wàrà wá, ẹ fi ọṣẹ, ife, ORS àti síǹkì tì í.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ọmọ ò lè mu nǹkan, tó ń bì gbogbo ohun tó mu, tójú rẹ̀ jìn, tó rọ jọwọrọ, tàbí tí kò tíì pé oṣù méjì, ilé ìwòsàn ni, kódà bó ṣe òru. Ẹ máa fún un lómi yẹn lọ́nà. Ẹ má sì dúró de ẹni tó máa fọwọ́ sí owó. Ẹ gbé e lọ, ẹ pe akápò lójú ọ̀nà.

Ó yá, ẹ bá mi gbé omi àpò méjì wá, ká pò ó lójú ara wa. Ìyá àgbà tó jókòó síwájú yìí ni yóò kọ́kọ́ bá wa wọn iyọ̀.