Ajá Tí Ń Mí Gúlegúle: Kí Ni Ó Wà Nínú Imú Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ sọ ní Chikaji, Zaria)

Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ni ti ìgbáyégbádùn ìdílé nínú ọ̀rọ̀ ajá. Ajá ni ń ṣọ́ àká àgbàdo àti ọkà bàbà lóru, òun ni ń lé ọ̀bọ lóko, àwọn ọmọ wa sì ń bá a ṣeré láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àìsàn tí ó bá wọ inú imú rẹ̀, inú ilé wa ni ó wọ̀.

Àwọn kan nínú yín ti sọ fún wa pé ajá àwọn ń ṣe bí ẹni tí egungun há sí lọ́fun. Á dúró gbagidi, á na ọrùn, á ya ẹsẹ̀ iwájú síta, á wá máa fa atẹ́gùn sínú pẹ̀lú ariwo bíi ti ẹlẹ́dẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dáwọ́ dúró, tí yóò sì máa ju ìrù bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Èyí yàtọ̀ sí sísín. Sísín a máa ti atẹ́gùn jáde, ṣùgbọ́n èyí ń fà á wọlé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó ohun tí à ń kígbe sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ojoojúmọ́, tí ajá tún ń sín, tí ó ń gbọn orí, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ha imú, tí omi sì ń jáde nímú rẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan ń yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀.

Ó lè jẹ́ eruku ọyẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀mọ́ tí ó wọ ihò imú kan nígbà tí ó ń gbóòórùn nínú koríko. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀mọ́, òjijì ni yóò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde ní ihò kan náà. Ó sì lè jẹ́ kòkòrò. Kòkòrò kan wà tí ó jẹ́ ìbátan eégbọn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, funfun ráúráú, tí kò gùn ju mílímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Inú imú ajá ni ilé rẹ̀. Ní 1940 ni àwọn onímọ̀ méjì kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni Pneumonyssoides caninum. Wọ́n ti rí i púpọ̀ ní Sweden àti Norway. Bí ajá méjì bá fi imú kan imú, kòkòrò náà lè rìn láti ara ọ̀kan sí èkejì. Nítorí náà, bí ẹ bá tọ́jú ọ̀kan tí ẹ fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ nínú agbo ilé, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kòkòrò yìí lè mú kí ajá má lè gbóòórùn ẹran mọ́. A mọ̀ pé bí ajá ọdẹ bá ti ń pàdánù ipa ẹran, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé aráyé ti ṣe é. Ẹ má lù ú, ẹ má sì tà á lówó pọ́ọ́kú kí ẹ tó yẹ imú rẹ̀ wò.

Ohun mìíràn tún wà tí ń gbé imú ajá, wọ́n sì ti rí i ní Nàìjíríà wa níhìn-ín: aràn tí ó rí pẹlẹbẹ bí ahọ́n, tí abo rẹ̀ lè gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Linguatula ni wọ́n ń pè é. Ajá a sín ẹyin rẹ̀ sórí koríko, màlúù àti àgùntàn a jẹ ẹ́, ọmọ aràn a wá lọ fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti àwọn kókó tí ó wà lára ìfun. Bí alápatà bá ju ìfun tútù fún ajá, aràn ti padà sí imú nìyẹn. Ènìyàn pẹ̀lú lè kó o. Nítorí náà, ẹ máa se ìfun àti ẹ̀dọ̀ kí wọ́n jinná kí ajá tó jẹ ẹ́, kí àwọn ọmọdé sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá bá ajá ṣeré.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da kẹrosíìnì tàbí omi ata tàbí aṣáà sí imú ajá. Ẹ má sì ra abẹ́rẹ́ màlúù lọ́jà. Ivermectin tí ó wà nínú rẹ̀ ni dókítà ẹranko máa ń lò láti pa kòkòrò imú náà lóòótọ́, ìran oògùn kan náà ni Mectizan tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àrùn tí ń fọ́ ojú láti 1987. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pò fún màlúù, mílílítà kan rẹ̀ wà fún àádọ́ta kílò. Ajá ilé wa mélòó ni ó wọn ogún kílò? Bí ó bá pọ̀ jù, ajá á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ó sì lè kú. Àwọn ajá òyìnbó kan tilẹ̀ wà tí ìwọ̀n kékeré lè pa. Ilé-ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria níhìn-ín. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀.

Ìdí tí a fi pè yín gan-an nìyí. Ajá tí ó ní dìgbòlugi náà a máa ṣe bí ẹni tí egungun há sí lọ́fun. Ohùn rẹ̀ á yí padà, kò ní lè gbé nǹkan mì, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti yọ egungun. Ẹ má ṣe é láéláé! Inú itọ́ náà ni àrùn wà, bí ó bá sì ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni kò fi ní pa á. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ gba ilé-ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Ẹ má dúró kí ẹ rí bí ajá ṣe máa rí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá fúnra rẹ̀, ọdọọdún ni, láti ìgbà tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta.

Bí ẹ bá ń mú ajá tí kò lè mí dáadáa lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀wọ̀n ni kí ẹ fi so ó, kí àgbàlagbà méjì mú un, kí ọmọdé má tẹ̀ lé wọn. Ẹ má fi okùn di ẹnu rẹ̀ pinpin, nítorí imú tí ó dí ti jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹnu nìkan ni ó fi ń mí. Bí ó bá sì jẹ́ pé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tàbí tí ìwà rẹ̀ ti yí padà, ẹ tì í mọ́ ibi kan tí ẹnikẹ́ni kò ní dé, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko wá bá a níbẹ̀.